Ẹ̀dà Àtijọ́ Ló Kọ́kọ́ Dáhùn

Nínú agboolé wa ní Ìdí Arẹrẹ, Mùínátù mẹ́ta la jẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ìyàwó bàbá mi àgbà, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, èmi ni ìkẹta. Bí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ké pe "Mùínátù!", ẹni tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ló máa ń dáhùn, ì báà ṣe òun ni wọ́n ń pè, ì báà má ṣe òun. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ni ẹni tó ń pe èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó dáhùn ni ẹni tí òun pè? N kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni màá fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó yàn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ máa ń gbọ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ jíjókòó sójú kan. Òótọ́ ni, a máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n èmi sáré lọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Mo jáde ìwé mẹ́wàá ní ọdún 1973. Àbúrò ìyá mi gbọ́ pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Mo lọ, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ó parí síbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ wa jẹ́ ilé alájà kan ní ẹ̀bá ọ̀nà tó gòkè láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó. A ń fi kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti èsì ìdánwò wọn fún àwọn ilé ìwé. Yàrá ẹ̀rọ náà nìkan ló ní amúlétutù ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń ta abọ́ tánganran nísàlẹ̀ a máa gòkè wá bi wá pé aago mélòó ló lù, wọ́n á sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ara wọn yóò fi tutù. Ẹlòmíràn ní aago lọ́wọ́ tirẹ̀.

Káàdì la fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lu ihò sí. Ètò kan lè gba káàdì ẹgbẹ̀rún kan. A kì í kọ ètò ní odidi. A máa ń pín in sí ẹ̀yà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan a sì ní orúkọ tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan ń ka orúkọ ọmọ, ọ̀kan ń ro máàkì pọ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí ètò àgbà bá nílò ẹ̀yà kan, á pe orúkọ rẹ̀, ẹ̀yà náà á dìde ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Agboolé ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Ọ̀gá Àlàó ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin gbọọrọ ni, ó ń gun alùpùpù bẹ́sípà, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ju ti ẹni tó ń pariwo lọ. Bí mo bá lọ kírun ọ̀sán, á yọ káàdì kan nínú àpótí mi, á fi sí ibòmíràn. Bí mo bá dé, á ní:

"Mùínátù, nǹkan ti ṣí nípò nínú àpótí rẹ."

"Kí ni, sà?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ló ṣiṣẹ́?"

Màá ro ó títí, màá ní, "Ó jọ pé ẹ̀yà tó ń ro máàkì ni, sà."

"Ṣé o rí i ni, àbí ò ń rò ó?"

"Mò ń rò ó, sà."

"Lọ rí i."

Ìgbà mìíràn wà tí mo rò ó, tí ó sì jẹ́ òótọ́. Ó ṣì ní kí n lọ rí i. Mo sunkún nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún kìíní. Lọ́dún kejì, èmi fúnra mi ni mo ń sọ ọ́ sí ara mi kí ó tó lanu.

Ó ní òfin kan tó kọ sára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: ÀTIJỌ́ SÍWÁJÚ, TUNTUN SẸ́YÌN. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí a bá tún ẹ̀yà kan ṣe, a kò gbọdọ̀ sọ èyí àtijọ́ nù. A ó to káàdì tuntun sẹ́yìn tàtijọ́ nínú àpótí. Ẹ̀rọ wa ń ka káàdì láti iwájú lọ sẹ́yìn, bó bá sì pàdé ẹ̀yà méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò mú. Bí tuntun bá wá dàrú, a ó kàn yọ ọ́ kúrò, tàtijọ́ á padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwé kankan kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Òfin yìí bá ìwà mi mu gan-an. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Sàádátù nìkan ló dúró fún mi. Ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀ wà níbi mẹ́ta: nínú agolo bisikíìtì mi, lọ́wọ́ ìyá mi, àti nínú dúrọ́ọ̀ mi níbi iṣẹ́. Mo rán orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ agboolé wa sínú ọrùn aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Sàádátù, ṣé ọmọ lẹ rán wá sílé ìwé ni, àbí lẹ́tà?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò tú u.

Káàdì lọ, dísìkì ràbàtà tó fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ dé. Dísìkì ràbàtà lọ, kọ̀ǹpútà orí tábìlì dé, tí kò nílò amúlétutù, àwọn alábọ́ tánganran sì dẹ́kun àtimáa bi wá ní aago. Mo gbé àpótí káàdì tó kẹ́yìn lọ sílé. Ìyá mi fi wọ́n dé ẹnu ìgò elẹ́rìndòdò títí wọ́n fi tán. Ọ̀gá Àlàó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà.

Bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń lọ sópin, èdè tuntun kan dé tí a fi ń kọ ètò. Gàníyù, ẹlẹgbẹ́ mi tó kéré sí mi ní ọdún mẹ́wàá, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́ mi. Kíláàsì ni wọ́n ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú èdè náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀rọ kì í kó gbogbo kíláàsì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó bá nílò ọ̀kan ló tó ń wá a. A ó to orúkọ àwọn àpò tí kíláàsì wà nínú wọn sórí ìlà kan, ẹ̀rọ á sì máa kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ bi Gàníyù léèrè. Bí kò bá rí i ńkọ́? Á pariwo, ètò á dúró. Bí a bá ṣi lẹ́tà ńlá kọ ní lẹ́tà kékeré nínú orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Bí kíláàsì náà bá wà lọ́dọ̀ wa, tí a gbàgbé láti kó o dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ńkọ́? Gàníyù ní, "Mà, ẹ ti ń bi mí bí ọlọ́pàá." Gbogbo àìsàn wọ̀nyẹn ni mo padà wò sàn lẹ́yìn náà, wọn kò le, nítorí pé wọ́n ń pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n kò bi í. Mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nítòsí Bẹẹrẹ tí a ṣe ètò fún. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwa la jẹ̀bi, wọn kò jẹ̀bi. Ètò náà ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn: orúkọ aláìsàn, iye ṣíbí, ìgbà mélòó lóòjọ́. Lọ́dún yẹn, wọ́n pààrọ̀ oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé. Tuntun lágbára ní ìlọ́po méjì tàtijọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń mu ṣíbí kékeré méjì tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ju ẹyọ kan lọ mọ́. Gàníyù tún kíláàsì tó ń ṣírò ṣíbí kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé e lọ síbẹ̀, mo fi sórí ẹ̀rọ wọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Sístà Àbẹ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn, ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí èmi àti Gàníyù dé, ó na ìwé pélébé kan sí mi.

"Ìyá Sàádátù, ẹ bá mi ka ohun tí ẹ̀rọ yín kọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta."

Ṣíbí méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Mo yíjú sí Gàníyù. "Ẹyọ kan ni o ní o kọ!"

"Ẹyọ kan ni mo kọ, Mà. Ẹ̀yin náà kà á."

"Kí ni èyí tí mò ń kà báyìí?"

Ó sáré lọ sọ́fíìsì, ó padà. Lórí ẹ̀rọ wa, ṣíbí kan. Lórí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ṣíbí méjì. Ètò kan náà, kíláàsì kan náà, orúkọ kan náà. Mo bú u lójú Sístà pé kò fara balẹ̀. Ojú tì í. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Sístà ní, "Ẹ fi ìjà yín sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la ti kọ oògùn yìí fún láti ọjọ́ Ajé. Méjì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbí, mo ti gba ìgò wọn. Ẹ̀kẹta ti lọ sílé lánàá." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ráṣídì, ọmọ ọdún mẹ́ta, Ilé Aláró, lẹ́yìn Ọjà'ba. Á ti mu ún lálẹ́ àná, á ti mu ún láàárọ̀ yìí. Aago méjìlá ni wọ́n tún máa fún un."

Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀kadà gbé wa dé ẹnu Ọjà'ba, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti há, a sọ̀ kalẹ̀, a sáré. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà, mo fi bàtà mi lọ́wọ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Ilé Aláró, èémí kò dé inú mi mọ́. Mo ké, "Ráṣídì! Ráṣídì!"

Ọmọ kékeré kan sáré jáde, ó ń yí ríìmù kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ dán. "Èmi rèé!"

Gàníyù gbé ọwọ́ sókè. "Alihamudulilahi! Ara rẹ̀ le. Mà, ẹ jẹ́ ká gba ìgò náà ká máa lọ."

Ayọ̀ kún inú mi. Mo fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá Àlàó nínú orí mi: ṣé o rí i ni, àbí ò ń rò ó? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ráṣídì, ṣé o mu oògùn láàárọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Èmi kọ́. Ráṣídì ìsàlẹ̀ ló ń wúkọ́."

Ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín. "Èwo lẹ ń wá nínú wọn? Ráṣídì méjì la ní ńbí. Bí ẹ bá kàn ké e báyẹn, èyí tó bá wà nítòsí ló máa dáhùn."

A sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ìyá ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ìgò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń da oògùn sínú ṣíbí. Ọmọ náà sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un!"

Ẹ̀rù bà á, oògùn dà sórí ẹní. "Ta ni yín? Oògùn náà ń ṣe é lóore, àtàárọ̀ ló ti ń sùn."

"Ohun tó gbé wa wá nìyẹn."

Gàníyù gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, a padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oògùn náà ti pọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí dáadáa. Ó ní kí a jókòó tì í, kí a máa ṣọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ bi mí ta ló kọ ṣíbí méjì. Mo ní àwa la kọ ọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́," ó ní, kò pariwo rárá, "ṣé ẹ bímọ?"

"Ọ̀kan ló dúró fún mi."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ìbá sàn kí ó gbá mi létí.

Ibi tí mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ni ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yẹn ti padà wá bá mi. Èyí tó bá wà nítòsí ló máa dáhùn. Mo dìde, mo lọ sídìí ẹ̀rọ. Mo pàṣẹ fún un pé kí ó máa dárúkọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan bó ti ń kó o wọlé, kí ó sì sọ àpò tó ti mú un. Ó tẹ ìwé gígùn kan jáde. Mo fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo fi báírò pupa sàmì sí i. Ní ìlà kẹtàlélógóje ni mo bá kíláàsì tó ń ṣírò ṣíbí. Àpò tó ti wá ń jẹ́ ÀPAMỌ́.

Èmi ni mo dá ÀPAMỌ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, nítorí ìbẹ̀rù, mo kó ẹ̀dà gbogbo kíláàsì àtijọ́ sínú rẹ̀, bí mo ti ń kó ìwé ìbí Sàádátù pamọ́. Mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ibo ni mo kọ ọ́ sí? Iwájú. Àtijọ́ síwájú, tuntun sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun yìí kì í dúró de ẹni tó dé kẹ́yìn. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó bá ti rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà, ibẹ̀ ló ń dúró sí, kì í kan ìkejì. Ní ọ́fíìsì wa, n kò ṣe ÀPAMỌ́, ìdí nìyẹn tí ṣíbí fi jẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ìbéèrè tí n kò bi Gàníyù nìyẹn: bí méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, èwo ni yóò dáhùn?

Mo pè é. "Gàníyù, iṣẹ́ rẹ mọ́. Èmi ni mo fi tàtijọ́ sẹ́nu ọ̀nà."

Ó ka ìlà náà. "Ẹ̀yin kẹ̀, Mà?"

"Èmi ni. Má bínú sí mi."

Ó tún ìlà náà kà. "Ẹ̀ bá ti bi mí bí ọlọ́pàá bí ìṣe yín," ó ní. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Kí a tó kírun ìrọ̀lẹ́, Ráṣídì ìsàlẹ̀ la ojú. Ó wo gbogbo wa yíká, ó béèrè bisikíìtì. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Sístà Àbẹ̀kẹ́ ló lọ rà á.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n dá ètò wa dúró fún oṣù méjì, wọ́n ń fi ọwọ́ kọ ìwé ìgò. Nígbà tí wọ́n gbà á padà, mo ti yọ ÀPAMỌ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wọn pátápátá, ó wà lórí dísìkì nínú dúrọ́ọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, a kì í kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà kí ẹ̀rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sọ fún wa, ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti mú un.

Mo lọ bá Ọ̀gá Àlàó ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún un.

"Òfin tí ẹ kọ́ mi ni mo tẹ̀ lé, sà."

"Ṣé o bi ẹ̀rọ tuntun náà bóyá ó mọ òfin mi?"

"N kò bi í, sà."

"O rò ó."

"Mo rò ó, sà."

Ó mi orí. "Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mìíràn." Ó wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ojú rẹ̀ tàn bí ti ọmọdé. "Jókòó dáadáa. Báwo ló ṣe ń kan ilẹ̀kùn náà gan-an? Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ìbéèrè rẹ̀ ju ti èmi lọ.

Nígbà yẹn, Sàádátù ti ń bẹ̀ mí pé iṣẹ́ mi lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Mo ti fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ pamọ́ sínú agolo bisikíìtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ kan ṣoṣo mi má lọ rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ráṣídì, mo rò pé yóò sá fún un. Ó jókòó tì mí.

"Mọ́mì, nígbà tí ẹ rí ÀPAMỌ́ lórí ìlà yẹn, báwo ló ṣe rí lára yín?"

Mo fẹ́ sọ pé ó dùn mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, n kò sì lè purọ́ fún un. "Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń pe orúkọ kan fún ọjọ́ pípẹ́," ni mo ní, "tó wá rí ojú ẹni tó ń dáhùn."

Mo ṣí agolo náà, mo fún un ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìwé ìbí wà lábẹ́ rẹ̀, mo fún un ní ìyẹn náà. Ẹ̀dà méjì ṣì kù, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Bí mo bá gba Ọjà'ba kọjá, mo máa ń yà sẹ́nu ọ̀nà Ilé Aláró, màá ké "Ráṣídì!" Èyí tó wà nítòsí á jáde, ó ti di gìrìpá, ó ti mọ̀ mí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mọ́mì, èmi kọ́." Màá kí i, màá dúró. N kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí ti ìsàlẹ̀ tó jáde wá, kí n sì fojú mi rí i.